Labalábá Tí Èèrà Ń Gbé Wọlé

Labalábá kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ara rẹ̀ dà bí aṣọ aláró, tí àmì dúdú sì wà ní apá rẹ̀. Pápá ni ilé rẹ̀, kì í ṣe igbó. Ó ti ṣọ̀wọ́n tipẹ́, àwọn tí ń kó labalábá jọ sì ń wá a bí ẹni ń wá owó.

Nítorí náà, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe ọgbà yí pápá mìíràn ká, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Inú ọgbà gan-an ni labalábá náà ti ń tán lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ó ti ń dàgbà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá rẹ̀ a yé ẹyin sórí òdòdó ewé kan tí ń ta sánsán bí efinrin. Táìmù ni, ìbátan èyí tí ẹ ń fi sí ọbẹ̀. Bí ẹyin bá pa, ọmọ a jáde bí kòkòrò kékeré, a jẹ òdòdó náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, a sì já bọ́ sílẹ̀. Èèrà pupa ni ó ń dúró dè. Bí èèrà bá kàn án, kòkòrò a sun omi dídùn fún un lá. Òórùn ara rẹ̀ jọ ti ọmọ èèrà, èèrà a sì rò pé ọmọ àwọn ló sọnù. A gbé e, ó di ilé! Bẹ́ẹ̀ ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀tá wọlé, torí bí oṣù mẹ́wàá ni àlejò náà yóò fi wà nínú ihò, ọmọ èèrà ni yóò sì máa jẹ. Ibẹ̀ ni yóò ti di labalábá.

Oríṣiríṣi èèrà pupa ló wà, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Jeremy Thomas, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn tó ṣẹ́kù ní 1972, rí i pé irú kan ṣoṣo ni ọmọ náà lè yè dáadáa lọ́dọ̀ rẹ̀. Èèrà yìí fẹ́ ooru. Bí koríko bá ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, oòrùn kì í kan ilẹ̀ dáadáa mọ́, ilẹ̀ a tutù, irú èèrà mìíràn a sì gba ibẹ̀.

Ta ní ń mú koríko kúrú? Màlúù, àgùntàn àti ehoro ni. Ọgbà tó dènà olè ti dènà ẹran pẹ̀lú. (Àwa náà ṣe ọgbà yí oko ilé-ìwé ká rí, a sì ti ewúrẹ́ mọ́ inú rẹ̀.) Ní 1953 àrùn kan wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ehoro ilẹ̀ náà tán. Nígbà tí Thomas fi rí ìdí ọ̀rọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ní 1979 labalábá náà tán pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọn kò káwọ́ gbera. Wọ́n gé igbó tó ti hù, wọ́n dá ẹran padà sí pápá, wọ́n dúró kí èèrà tún pọ̀. Ní 1983 wọ́n kó ọmọ irú labalábá kan náà wá láti ilẹ̀ Sweden, ó sì ń gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2019 wọ́n kó bí 1,100 kòkòrò rẹ̀ sí Rodborough Common, níbi tí a kò ti rí i fún bí 150 ọdún. Nígbà tó di 2020, bí 750 labalábá ló fò jáde. Màlúù a máa jẹko níbẹ̀ lọ́dọọdún.