Abùjá Kì Í Ṣe Ìlú Olówó Nìkan

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Kí ni a ó wá sọ nípa ẹni tó ti rìn jìnnà, tó kúrò ní Ìbàdàn, ní Oǹdó tàbí ní Òṣogbo, tó sì ti lo ọdún mẹ́ta ní Olú-ìlú Àpapọ̀, síbẹ̀ tí kò mọ̀ ju yàrá ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, gbọ̀ngàn ìdánwò àti gáréèjì tó ti ń wọkọ̀ lọ sílé nígbà ìsinmi? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, èsì kan náà ni ẹ ó gbọ́: ‘Ìlú olówó ni Abùjá.’

A kò jiyàn pé àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ìlú yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àpò akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ojú rí jù lọ níhìn-ín kò sí nínú òtẹ́ẹ̀lì. Àpáta ni, odò ni, ọjà ni, ìlú àtijọ́ ni, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n ni ilẹ̀ kí ìjọba tó dé. Sátidé kan ṣoṣo tó láti lọ wo ọ̀kan nínú wọn, kí a sì padà wá sùn lórí ibùsùn ara wa láìsanwó òrù fún ẹnikẹ́ni. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan tí ènìyàn dá rìn, ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ lè bi wá pé kí ló dé tí a fi ní kí ẹ dá lọ. Bí a bá kó ara wa jọ tí a tó mẹ́wàá, ara wa náà la ó máa bá sọ̀rọ̀, ẹ̀fẹ̀ la ó máa ṣe lọ tí a ó máa ṣe bọ̀, a ó sì padà láìbá onílé sọ gbólóhùn kan. Ẹni tó dá rìn ni í béèrè ọ̀nà, òun ni wọ́n ń fi ìjókòó lọ̀, òun ló sì lè jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ́sàn-án láìsí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Owó tirẹ̀ nìkan ló ń ṣírò.

Ẹ fa ₦100 yọ nínú àpò yín, irú èyí tí ìjọba kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1999. Awólọ́wọ̀ ló wà níwájú. Àpáta tó wà lẹ́yìn, Zuma ni. Ẹ fa ₦20 yọ pẹ̀lú. Murtala Muhammed ló wà níwájú. Obìnrin amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn ni Ladi Kwali. Owó méjèèjì yìí tó fún ìrìn àkọ́kọ́. A kò sọ pé wọ́n tó owó ọkọ̀ o, àwòrán ara wọn ni a ń wí.

Zuma kò jìnnà sí Zuba, níbi tí ọ̀nà Kaduna àti ọ̀nà Lọ́kọ́jà ti pàdé. Ẹ wọ ọkọ̀ Madalla tàbí ti Suleja níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i. Àpáta kan ṣoṣo gàgàrà ni, ó ga tó nǹkan bí 300 mítà láti ìdí dé orí. Ọ̀gbàrá òjò tó ti ń ṣàn lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti fa ìlà sí i lára, títí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ fi dà bí ojú ènìyàn, tó ní ẹyinjú, tó ní imú, tó ní ẹnu. A gbọ́ pé nígbà ogun, ìtòsí rẹ̀ ni àwọn Gbagyi máa ń sá sí, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá sábẹ́ Olúmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò láti gùn ún. Kò ní àtẹ̀gùn bí ti Olúmọ tàbí ti Ìdànrè. Ojú ọ̀nà ni kí ẹ ti wò ó, kò sì sí ẹni tí yóò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé àpáta tí gbogbo ayé ń pè ní ẹnu ọ̀nà Abùjá yìí, Ìpínlẹ̀ Niger ló wà.

Láti ibẹ̀ dé Suleja kò ju ìrìn díẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀, nítorí Suleja gan-an ni Abùjá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Usman dan Fodio gba Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọba Háúsá ibẹ̀ kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì sá wá sí apá Zuba. Abubakar, àbúrò ọba náà, ló jọba lẹ́yìn rẹ̀, òun ló sì tẹ ìlú tuntun dó ní 1828. Abu Ja ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí nítorí pé ó pupa. ‘Ja’ ni pupa ní èdè Háúsá. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú náà ń jẹ́, kí ìjọba àpapọ̀ tó wá gba orúkọ ọ̀hún fún olú-ìlú tuntun, tí ìlú àtijọ́ sì di Suleja. Ìlú mìíràn ìbá bínú kú.

Ìlú yìí náà ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi láti ìlú Kwali, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954. Kí ó tó dé ibẹ̀ ló ti mọṣẹ́: àwọn ìkòkò rẹ̀ tí Cardew rí láàfin ọba ló jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ lásán ló fi ń mọ ìkòkò omi ńlá, tí yóò máa yí i po bí amọ̀ ti ń ga sókè, lẹ́yìn náà ni yóò fín ọ̀nì, aláǹgbá àti àkekèé sí i lára. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá wa ní Ìpetumodù lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Ó kú ní 1984. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìkòkò Suleja ń jẹ́ báyìí.

Ti ₦20 kò tíì tán. Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1975 láti wádìí bóyá ó yẹ kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Ọmọ Yorùbá, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ni alága wọn. Ìgbìmọ̀ ní kí a kúrò. Òfin tó dá Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀ jáde ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 1976. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa Murtala ní Èkó. Nígbà tí ìjọba fi máa kó dé Abùjá ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, 1991, Babangida ló wà lórí oyè.

Àárín ìlú náà tó Sátidé kan. Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ tó ní òrùlé rìbìtì aláwọ̀ wúrà àti ilé ìjọsìn àpapọ̀ ti àwọn Kristẹni kọjú síra wọn lẹ́bàá títì kan náà. Ẹ bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bóyá àlejò lè wọlé. Ẹ wọṣọ tó bo ara, kí ẹ má sì lọ lásìkò ìrun tàbí ìsìn. Eagle Square kò jìnnà, níbi tí ológun ti gbé ìjọba lé Ọbásanjọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 1999. Láti ibẹ̀ ẹ ó rí àpáta Aso lẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìwòye ọ̀ọ́kán ni kí ẹ wò ó. Ẹ má ṣe ya fọ́tò sójà, ẹ̀ṣọ́ tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba, nítorí àlàyé tí ẹ ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ gbogbo ọjọ́ yín tán. Bí ẹ bá fẹ́ ibòji, Millennium Park wà ní Maitama. Ọbabìnrin Elizabeth ló ṣí i ní oṣù Kejìlá, 2003.

Ẹ máa ka orúkọ títì bí ẹ ti ń lọ. Herbert Macaulay wà níbẹ̀, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá wà níbẹ̀. Títì Awólọ́wọ̀ gba apá Utako àti Jabi, ti Ládòkè Akíntọ́lá sì wà ní Garki lọ́hùn-ún. Ó jọ pé ẹni tó pín títì náà mọ̀ pé kò yẹ kí àwọn méjèèjì pàdé. Àmọ́ orúkọ tó ṣáájú gbogbo wọn ni Garki, Maitama àti Jabi fúnra wọn. Ibùgbé àwọn onílẹ̀ ni wọ́n kí katakata ìjọba tó dé. Àwọn ará Maitama àtijọ́ ni wọ́n kó lọ sí Kubwa, tí àwọn ilé ńláńlá sì gba ipò wọn. Bí ẹ bá pàdé àgbàlagbà Gbagyi kan tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jókòó tì í. A kò rò pé ibi kankan wà lágbègbè yìí tó ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ó kàn, òun ló sì le jù. Bí ẹ bá sọ fún onítakisí pé ‘drop’ ni, ẹ̀yin nìkan ni yóò gbé, owó yín yóò sì lọ. Bí ẹ bá dara pọ̀ mọ́ èrò, ó rọjú. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ èrò yìí náà ni àwọn olè tí gbogbo Abùjá ń pè ní ‘one chance’ ti ń ṣọṣẹ́: awakọ̀ àti àwọn èrò inú ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀yin nìkan ni àlejò. Nítorí náà, inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọkọ̀, kì í ṣe etí títì. Ẹ béèrè owó kí ẹ tó wọlé. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ṣeé ṣí láti inú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ sáàárín ọkùnrin méjì lẹ́yìn, ẹ ní ẹ gbàgbé nǹkan, kí ẹ padà. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan tó mọ ibi tí ẹ ń lọ, kí òun náà sì mọ aago tí ó yẹ kí ẹ ti dé. Ẹ̀yin obìnrin inú wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti kọjú sílé. A mọ̀ pé kò tọ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀kadà ńkọ́? Ìjọba ti fòfin dè é ní àárín ìlú láti 2006.

Owó, ẹ pín in sí mẹ́ta: ti àlọ, ti àbọ̀, ti ẹnu. Ti àbọ̀ kò gbọdọ̀ bá méjì yòókù gbé àpò kan náà. Ẹ gbé omi dání. Ní ọjà, màsà tàbí fùrá yóò gbé yín dé ìrọ̀lẹ́ ní owó tí kò tó ti àmàlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò ka ohun tí kì í ṣe àmàlà sí oúnjẹ. ‘Nawa ne?’ ni ẹ ó fi béèrè iye rẹ̀. ‘Sannu’ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kí ènìyàn.

Ushafa wà lápá Bwari, abúlé Gbagyi tí Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà, bẹ̀ wò ní oṣù Kẹjọ, 2000. Wọ́n ń mọ ìkòkò níbẹ̀ pẹ̀lú, adágún omi Usuma tí ìlú ń mu sì wà nítòsí. Ẹ ó rí àwọn obìnrin tó gbé igi ìdáná lé èjìká, tí wọn kò rù ú. Àlàyé wọn ni pé orí lọ̀gá ara, kò yẹ kí a di ẹrù lé e. Àwa tí a ń bọ orí, tí a tún ń di igbá ẹ̀kọ lé e, kí la fẹ́ fèsì? Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní, 2024, ìròyìn ìjínigbé ní apá Bwari dẹ́rù ba gbogbo ìlú. Ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ bí ọ̀nà ti rí lọ́sẹ̀ náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sì yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá wọ inú igbó nítorí fọ́tò.

Ibì kan ṣoṣo ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lọ: omi Gurara tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ìpínlẹ̀ Niger. Lásìkò òjò, omi náà a máa hó ṣùùṣùù, àpáta rẹ̀ a sì máa yọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tàsé, ó yẹ kí ẹnì kan wà nítòsí tí yóò ké. Ẹ wá ẹni méjì kún ara yín, kí ẹ lọ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Ọkọ̀ Minna ni ẹ ó wọ̀ ní Suleja. Ẹ tètè sọ fún awakọ̀ pé Gurara ni ẹ ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀.