Ta Ló Ń Kọ Títì?

Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí ẹ ti ń to ẹja sórí ààrò. Ẹ ní kí ló ṣe àwọn ará Òkun-Ajah létíkun tí ìjọba fẹ́ la títì ńlá gba ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n tún bọ́ síta tí wọ́n ń pariwo. "Ta ló ń kọ títì?" Ohun tí ẹ sọ gan-an nìyẹn. N ò dáhùn nígbà náà torí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú mi, ọ̀rọ̀ náà sì ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú àgbàlá tiwa. Láti etí omi wa ní Ìlàjẹ Bàrígà, bí ẹ bá gbójú sókè, afárá Third Mainland ni ẹ máa rí. Ọdún 1990 ni Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí i nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Gígùn rẹ̀ ń lọ sí kìlómítà méjìlá, kò sì sí afárá tó gùn tó o nílẹ̀ Áfíríkà títí wọ́n fi parí ti Káírò ní 1996. Ọkọ̀ tó bá gun un ní Òwòròǹṣòkí, tó ń lọ sí Èkó, kò rí ọ̀nà sọ̀ sí Bàrígà. Ó di Adékúnlé kó tó lè sọ̀. Àwọn apẹja wa ń tukọ̀ gba àárín òpó rẹ̀, ariwo rẹ̀ ń bá wa sùn, ó ń bá wa jí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gun un nínú wa ní láti kọ́kọ́ wá ibòmíràn lọ. Èmi náà ń gba orí rẹ̀ kọjá, mo sì ń dúpẹ́ pé ó wà. Àmọ́ ọ̀nà lè gba iwájú ilé ẹni kọjá kó má jẹ́ tẹni. Ohun tó ń dun àwọn ará Òkun-Ajah kò jìnnà sí èyí.

Ọ̀nà etíkun tó fẹ́ gba Èkó dé Calabar ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìjọba àpapọ̀ ní yóò gùn tó 700 kìlómítà. Iléeṣẹ́ Hitech bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu sì ṣí iṣẹ́ náà ní oṣù karùn-ún. Kí oṣù kẹrin tó parí ni kátápílà ti wọ etíkun ìgbafẹ́ Landmark Beach, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù etíkun sì di òkìtì pákó. Nígbà tó kan Òkun-Ajah, àwọn ará ìlú ní ìlà ọ̀nà kan ti wà nínú ìwé ìkéde ìjọba láti ọdún 2006, ẹ̀bá òkun ló sì gbà. Wọ́n ní èwo wá ni ká yà kúrò lórí ìlà yẹn, ká wá kọjú sí ilé àwọn baba àwọn? Mínísítà fún iṣẹ́ òde, David Umahi, fèsì pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wá ló gúnlẹ̀ sórí ìlà àtijọ́ náà, kò sì yẹ ká dà á rú. Ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó ní òun ò fẹ́ títì. Ibi tí ìlà yóò gbà ni ìjà wà.

Bí ìlà ṣe ń di ilé wíwó ló yẹ kí n ṣàlàyé dáadáa. Àwọn ẹnjiníà á kọ́kọ́ fà á sórí ìwé nínú ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ á dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á ri òpó kékeré mọ́lẹ̀. Ọ̀dà pupa lára ògiri ló ń kẹ́yìn, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń rí. Nígbà tí ọ̀dà bá fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Òfin kan wà láti 1992 tó ní kí wọ́n yẹ ohun tí irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ máa ṣe fún àyíká wò ṣáájú, kí wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ síta kí ará ìlú kà á, kó sì sọ tẹnu rẹ̀. Lára ẹ̀sùn tó pọ̀ jù lórí ọ̀nà etíkun ni pé kátápílà ti ń ṣiṣẹ́ kí àyẹ̀wò yẹn tó parí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ àwọn èèyàn náà jù. Ẹni tí wọ́n bi léèrè lẹ́yìn tí ilé ti wó, wọn ò bi í ní nǹkan kan.

Owó gbà-má-bínú ńkọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, ó sì fún un lágbára láti gbà á fún àǹfààní gbogbo ìlú. Ká ní bàbá kan lápá ibí yìí ra ilẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì kọ́lé sí i. Bí wọ́n bá gbà á, iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà lónìí kọ́ ni wọ́n máa san fún un. Òfin ní owó ìṣákọ́lẹ̀ tó san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gba ilẹ̀ náà ni kí wọ́n dá padà. Ti ilé, wọ́n á wo iye tí irú rẹ̀ máa náni láti kọ́, wọ́n á wá yọ ti ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò. Ilé tó ti gbó, owó rẹ̀ á sọ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé tó gbó ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Òfin kan náà tún sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Abala 44 ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n sanwó kíákíá, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sì lè dé ilé ẹjọ́. Àárín òfin méjèèjì yìí ni àwọn lọ́yà ti ń rí ọ̀nà gbà. Ti ayálégbé tí kò kọ́ ohunkóhun sórí ilẹ̀ náà, òfin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ó wà láyé.

Síbẹ̀, ìlà ń yí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán afárá Fourth Mainland tó fẹ́ ti Lekki gba Ìkòròdú, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ sọ pé ilé tó máa wó tó 4,000. Wọ́n tún àwòrán yẹn yà, ó wá ku nǹkan bí 800. Ẹ̀rọ tuntun kọ́ ló ṣe é o. Wọ́n kàn gbé ìlà lọ síbòmíràn ni. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Ìjọba ìlú ọ̀hún gbèrò nígbà kan láti fi ọ̀nà márosẹ̀ ńláńlá yí ìlú ká, tí ọ̀kan máa gba àdúgbò Brixton. Àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Homes Before Roads, wọ́n sì díje nínú ìdìbò ìjọba ìlú náà ní 1970. Wọn ò wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn wọ àwọn èèyàn létí débi pé ní 1973, nígbà tí ẹgbẹ́ Labour gba ìjọba ìlú, wọ́n da ètò náà nù. Wọ́n ti ya àwòrán ilé gígùn kan ní Brixton nígbà náà, Southwyck House, kó lè dí ariwo ọkọ̀. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà. Ó wà níbẹ̀ dòní, bí odi, ó fi fèrèsé kéékèèké kọjú sí ọ̀nà tí wọn ò là mọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ń pa wá. Òótọ́ ni, ẹ̀yin náà ń pẹ́ lọ́nà ọjà. Àmọ́ ẹ wo orí afárá Third Mainland ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí wọ́n ti ṣí i, ọkọ̀ sì tò síbẹ̀ bí èèrà. Bí ọ̀nà bá ti gbòòrò, ọkọ̀ tó máa kún un ti ń bọ̀.

Ẹ wá bi mí léèrè kejì bí mo ṣe ń lọ, pé bó bá jẹ́ apá ibí ni ìlà gbà ńkọ́, ààrò yín tí kò ní ìwé ilẹ̀? Òun ló ń dà mí láàmú jù. Ìjọba á ka ilé, á ka ìwé sọ́fè, á béèrè pláànù. Kò sí ẹni tó máa ka ààrò àti igi ìdáná, àti àwọn obìnrin tó ń gba ẹja lọ́wọ́ apẹja kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má dúró de ọ̀dà pupa. Mo ti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé sọ̀rọ̀ pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n ṣí ojú ìwé tuntun fún ayálégbé àti oníṣẹ́ etí omi: orúkọ, ọdún tí kálukú dé, iye ààrò, pẹ̀lú fọ́tò. Ẹ mú ìwé ìṣákọ́lẹ̀ yín dání, kódà èyí tó ti ya, kí orúkọ yín lè wà lójú ewé àkọ́kọ́.