Ìbọ̀wọ́ Kì í Dáná

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1950, ọkùnrin ará Faransé kan tí à ń pè ní Maurice Herzog, pẹ̀lú Louis Lachenal ẹnìkejì rẹ̀, dé ṣóńṣó orí Annapurna, òkè gàgàrà ilẹ̀ Nepal tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 8,091, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀dá kò tí ì tẹ̀ rí. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, Herzog bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó lè tú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Àfi wìì, ìbọ̀wọ́ méjèèjì yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi pòórá. Ìbọ̀sẹ̀ wà nínú àpò náà tí ì bá fi bọ ọwọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ àti òtútù ti gba ọgbọ́n lórí rẹ̀, kò rántí. Kí wọ́n tó padà délé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni oníṣègùn ti gé.

Díẹ̀ nínú wa ni yóò fojú rí Annapurna. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìlú ọba náà ti ń bá ẹgbẹ́ gun òkè ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó sì jẹ́ pé ọyẹ́ tí ń bẹ́ni létè nìkan ni òtútù tí ó mọ̀ láti kékeré, bí ó bá dojú kọ Ben Nevis ní Scotland, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,345, tí kò sì sí òkè tí ó ga tó o ní gbogbo ìlú ọba, yóò mọ̀ pé òtútù ju òtútù lọ. Ní gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn, ooru afẹ́fẹ́ a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 Celsius dínkù, ká má tilẹ̀ tí ì dárúkọ atẹ́gùn.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìbọ̀wọ́ kì í dáná. Ó kàn ń ṣọ́ iná tí ẹ̀jẹ̀ ti dá ni. Nígbà tí òtútù bá ká ara mọ́, ara a máa ṣe bí ọba tí ogun dé bá, tí ó pe àwọn jagunjagun rẹ̀ wálé láti ṣọ́ ààfin, tí ó sì fi àwọn abúlé ẹnu ibodè sílẹ̀: ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni ààfin, ìka ọwọ́ ni abúlé. Nítorí náà, ẹni tí kò wọ ẹ̀wù tó nípọn, tí kò sì dé fìlà, kò sí ìbọ̀wọ́ tí yóò gbà á.

Afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú ìbọ̀wọ́ ni ó ń pa ooru mọ́. Èyí tí ó bá fún jù kò fi àyè sílẹ̀ fún un, a sì tún máa dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ọ̀tá tí ó burú jù ni omi. Ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ fúyẹ́, ó sì móoru, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kàn án, á ki pọ̀ bí adìẹ tí òjò pa. Irun àgùntàn kì í pàdánù gbogbo ooru rẹ̀ bí ó tilẹ̀ rin gbingbin. Nígbà tí ìbọ̀wọ́ bá ṣì jẹ́ tuntun, omi a máa yí lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń yí lórí ewé kókò. Lẹ́yìn ìlò púpọ̀, aṣọ òde yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, ọwọ́ yóò sì tutù bí omi kò tilẹ̀ wọ inú. Ẹ wo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka, níbi tí ọ̀pá ìgunkè ti ń fi ara ra á: ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ gbó, ibẹ̀ sì ni awọ ewúrẹ́ ti wúlò. Ẹ má sì jẹ́ kí awọ yìí gbẹ nídìí iná, kí ó má baà gan bíi pọ̀nmọ́ tí a sá sóòrùn.

Ní ti ìrísí, èyí tí ìka mẹ́rin ń gbé yàrá kan nínú rẹ̀, tí àtàǹpàkò nìkan dá wà, móoru ju èyí tí olúkúlùkù ìka ní ilé tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ṣe é so okùn bàtà. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí awọ ara má baà hàn sí òtútù bí wọ́n bá bọ́ ti òkè. Bí ìka bá funfun tí ó sì kú tipiri, ẹ má fi yìnyín ra á. Ẹ fi há abíyá, kí ẹ sì wá ibi ààbò.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí owó yín bá tó ìbọ̀wọ́ olówó ńlá kan, tí ó sì tún tó méjì tí iye wọn mọ níwọ̀n, méjì ni kí ẹ rà. Kí ẹ fi okùn so ọ̀kan mọ́ ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì fi ìkejì sí òkè pátápátá nínú àpò, níbi tí ọwọ́ tí ń gbọ̀n ti lè rí i.