Ìdìbò Ọsirélíà: Kí ni nọ́ńbà inú ìwé ìròyìn ń sọ gan-an?

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra ni ìwé ìròyìn Ọsirélíà máa ń gbé irú nọ́ńbà yìí jáde: "Labor 51, Coalition 49". Tí nọ́ńbà ọ̀hún bá fi ẹyọ kan ṣoṣo yí padà, ariwo á ta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn 51 nínú 100 ló fẹ́ ẹgbẹ́ Labor. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá, torí ó wà lára ohun tí àwọn olóṣèlú ń wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan òfin físà.

Ta ló ń bá ta du ipò?

Labor wà lápá kan. Lápá kejì ni Liberal àti National, tí wọ́n sábà máa ń ṣe pọ̀, tí à ń pè ní Coalition. Ìfẹ́ àárín àwọn méjèèjì kì í fi gbogbo ìgbà dán mọ́rán. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún 2025, National kó ẹrù rẹ̀ jáde, àmọ́ kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà wálé. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ẹgbẹ́ Greens wà, One Nation ti Pauline Hanson wà, àwọn tó ń dá díje láìsí ẹgbẹ́ náà wà. Àwọn tó bá ní ju ìdajì ìjókòó ilé aṣojú-ṣòfin lọ ló ń ṣe ìjọba, olórí wọn níbẹ̀ ló sì ń di olóòtú ìjọba.

Ìbò tí wọ́n ń to tẹ̀léra

Nílé ní Nàìjíríà, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní ẹkùn rẹ̀ ló ń lọ sílé aṣojú-ṣòfin. Bó ṣe rí ní ìlú Ọba náà nìyẹn. Ti Ọsirélíà yàtọ̀ láti ọdún 1918. A kì í kàn tẹ̀ka sí ẹnì kan ká sì máa lọ. Olùdìbò á kọ 1 síwájú ẹni tó wù ú jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀lé e, títí tó fi máa kan ẹni tí kò fẹ́ rí sójú rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kékeré ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ènìyàn 100 dìbò. Olùdíje àkọ́kọ́ rí 40, èkejì rí 35, ẹ̀kẹta rí 25. Kò sí ẹni tó rí ju ìdajì lọ, torí náà wọ́n á yọ ẹ̀kẹta kúrò, wọ́n á sì wo ẹni tí àwọn 25 yẹn kọ 2 fún. Tí 20 nínú wọn bá lọ sọ́dọ̀ èkejì, tí 5 lọ sọ́dọ̀ àkọ́kọ́, èkejì ti di 55 nìyẹn, àkọ́kọ́ jẹ́ 45. Ẹni tó ń ṣíwájú ti di ẹni ẹ̀yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2022 nìyẹn. Nínú ìbò nọ́ńbà 1, Coalition rí nǹkan bíi 36 nínú 100, Labor ò sì ju nǹkan bíi 33 lọ. Síbẹ̀ Labor ló gba ìjókòó 77 nínú 151, tí Anthony Albanese fi di olóòtú ìjọba.

Nítorí náà, "51 sí 49" kì í ṣe iye àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan. Àwọn oníwàádìí á kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí èèyàn máa kọ 1 fún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ṣírò ibi tí ìbò àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa já sí láàárín Labor àti Coalition, wọ́n sì sábà máa ń fi bó ṣe lọ nínú ìdìbò tó kọjá ṣe òṣùwọ̀n.

Nọ́ńbà tó ń yọ olóòtú ìjọba

Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ lè yọ olórí wọn láìsí pé ará ìlú dìbò. Láàárín ọdún 2010 sí 2018, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yọ olóòtú ìjọba lọ́nà yìí: Kevin Rudd ní 2010, Julia Gillard ní 2013, Tony Abbott ní 2015, Malcolm Turnbull ní 2018. Nígbà tí Turnbull fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ Abbott, ó ní Abbott ti pàdánù nínú ìwádìí Newspoll 30 léraléra. Nígbà tó di 2018, òun náà pàdánù 30, ó tún lé e kọjá. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti tún òfin wọn ṣe lẹ́yìn náà kó má baà rọrùn mọ́ láti yọ olórí.

Ìwádìí kì í ṣe Ifá

Lọ́dún 2019, Labor ló ń ṣíwájú nínú ìwádìí Newspoll tó lé ní 50 léraléra. Ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún pé, wọ́n ka ìbò, Scott Morrison àti Coalition ló wọlé. Àwọn tó tú ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà rí i pé àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè kò dúró dáadáa fún gbogbo ará ìlú. Àwọn alátìlẹyìn Labor pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, Peter Dutton ti Coalition ló ń ṣíwájú. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, Labor gba ìjókòó 94 nínú 150, Dutton sì pàdánù ìjókòó tirẹ̀, èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 2001. Ìwádìí ìkẹyìn ti sọ pé Labor máa wọlé, àmọ́ kò sọ pé á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti kàn wá

Owó ilé wọ́n, àwọn kan sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn àjèjì. Lọ́dún 2024, Dutton ṣèlérí pé òun máa dín ìwé gbélùú kù láti 185,000 lọ́dún sí 140,000 fún ọdún méjì. Ó pàdánù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba Labor tí ọ̀pọ̀ wa ń rò pé ó fẹ́ràn àlejò náà ló gbé owó físà akẹ́kọ̀ọ́ láti dọ́là 710 sí 1,600 lóṣù keje 2024, tó tún sọ ọ́ di 2,000 lóṣù keje 2025. Nígbà tó fi máa di òpin 2025, ìwádìí ń fi hàn pé One Nation, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí àwọn tó ń wọ̀lú dín kù gidi, ń gòkè sí i. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ máa ń kó àwọn ẹgbẹ́ ńlá láyà sókè. Ẹ máa ṣọ́ ọ, kódà tí kò bá tíì sí ìdìbò nítòsí.

Tí ẹ bá rí nọ́ńbà tuntun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ṣé ìbò nọ́ńbà 1 ni wọ́n ń sọ ni, àbí ìṣirò ẹgbẹ́ méjì? Ẹ wo iye èèyàn tí wọ́n bi: tó bá jẹ́ 1,000, ó lè fi nǹkan bíi 3 lé tàbí kó fi 3 dín, torí náà 51 sí 49 kò yàtọ̀ sí ọ̀mì. Ẹ má gba ti ìwádìí kan ṣoṣo gbọ́. Ẹ wo mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀.

Ẹni tó bá ti di ọmọ ìlú, tó ti pé ọdún 18, dandan ni kó dìbò. Owó ìtanràn dọ́là 20 wà fún ẹni tó bá jókòó sílé láìní ìdí gúnmọ́. Ẹni tó ní ìwé gbélùú nìkan kò tíì lè dìbò. Ẹ rántí o: nínú ìwé ìbò ilé aṣojú-ṣòfin, gbogbo àpótí ni kí ẹ kọ nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá kọ 1 nìkan nígbà tí olùdíje pọ̀, ìbò rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ìwádìí lè máa pariwo lójoojúmọ́, ìwé ìbò yín ni wọ́n máa kà.