Èènì dá ìjà sílẹ̀ láàárín Microsoft àti Slack!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ná. Bí ẹnì kan bá ń ta ata gígún jẹ́jẹ́ rẹ̀, tí ẹni ńlá tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá ń fi ata ṣe èènì fún gbogbo oníbàárà, kí ni aláta yóò jẹ? Ọ̀rọ̀ èènì yìí gan-an ló dìjà láàárín iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjì ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi gbéra wọn dé Yúróòpù.

Slack ti pàtẹ ṣáájú. Ọdún 2014 ló bọ́ sígboro. Òun làwọn òṣìṣẹ́ fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, tí wọ́n fi ń jọ ṣe iṣẹ́ kan náà láì jókòó sójú kan. Ọjà ń tà wàrà-wàrà.

Àfi bí Microsoft ṣe gbé Teams jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Slack ra odindi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn New York Times, ó ń kí àlejò káàbọ̀ sọ́jà. Àwàdà ni o, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Ọgbọ́n wo ni Microsoft dá? Àwọn ọ́fíìsì ti ń ra Word àti Excel lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Inú àpò yẹn náà ló ju Teams sí lọ́dún 2017, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé lọ́dún 2020, Teams ní èrò mílíọ̀nù 44 lóòjọ́ nínú oṣù kẹta.

Ní oṣù keje, Slack fẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ Yúróòpù: wọ́n ń fi tipátipá so ọjà mọ́ ọjà! Microsoft ní irọ́ ni, pé àìní fídíò tó dáa ló ń da Slack láàmú.

Aláta ò dúró de ìdájọ́. Lọ́dún 2021, Salesforce ra Slack ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 27.7 dọ́là. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 lẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí: Microsoft gbà láti máa ta àpò tí kò ní Teams nínú ní owó tó dín sí ti èyí tó ní Teams. Wọn ò bu owó ìtanràn lé e.

Èènì dùn mọ́ oníbàárà lónìí. Ṣùgbọ́n bí aláta bá kó igbá rẹ̀ kúrò lọ́jà, ta ni yóò sọ iye tí wọn yóò máa ta ata lọ́la? Ẹ̀yin ọlọ́jà, ó kù sọ́wọ́ yín: ta ló jẹ̀bi?