'Inflammable': Agbiná tàbí Aláìgbiná?

Ẹni tí ó mọ̀ pé invisible ni ohun tí a kò lè fojú rí lè ṣèèṣì rò pé inflammable, tí a kọ sára ọkọ̀ agbépo, ni èyí tí kò lè gbiná. Òdì rẹ̀ gan-an ni. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ in- méjì ni ó wà nínú èdè Látìn: ọ̀kan fún ìyísódì, èkejì fún 'nínú'. Èkejì yìí ni ó wà nínú inflammare, 'ti iná bọ nǹkan'. Nítorí ewu yìí ni àwọn onímọ̀ ìdènà iná ní Amẹ́ríkà ṣe gbé flammable lárugẹ láti àwọn ọdún 1920. Agbiná ni kí a máa kọ sára àgbá epo ní Yorùbá. Àì- tí ó wà nínú aláìgbiná kò ní ìtumọ̀ méjì.