Ọ̀bọ Kékeré Tí Igbó Rẹ̀ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tán

Ní orílẹ̀-èdè Brazil, nínú igbó ẹgàn tí kò jìnnà sí etíkun Rio de Janeiro, ọ̀bọ kékeré kan wà tí kì í gbé inú igbó ibòmíràn láyé. Mico-leão-dourado ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe ọ̀bọ kìnnìún aláwọ̀ wúrà, nítorí irun tí ó yí ojú rẹ̀ ká bí ti akọ kìnnìún. Ṣùgbọ́n kìnnìún yìí kò wọ̀n tó kílò kan!

Ilé àti Oúnjẹ Rẹ̀

Èso pípọ́n ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú kòkòrò, aláǹtakùn, àkèré àti alángbá kékeré. Ìka rẹ̀ gígùn ni ó fi ń wá wọn lábẹ́ èèpo igi àti láàárín ewé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo ìdílé a kó wọ inú ihò igi kan láti sùn, kí ẹranko apẹranjẹ má baà rí wọn.

Ìbejì ni abo rẹ̀ sábà máa ń bí. Ìyá a fún wọn lọ́mú, baba a sì gbé wọn pọ̀n. Àwọn ẹ̀gbọ́n náà a máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀yin baba ilé, ẹ gbọ́ o!

Ewu Tí Ó Dojú Kọ Ọ́

Láti ayé àwọn Potogí ni a ti ń gé igbó yìí nítorí pákó, ìrèké, kọfí àti pápá màlúù. Àwọn ènìyàn tún ń mú ọ̀bọ náà tà fún ẹni tí ó fẹ́ sìn ín nílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, bí 200 péré ni a rò pé ó kù nínú igbó.

Ní ọdún 1974, ìjọba ya igbó Poço das Antas sọ́tọ̀ fún ààbò wọn. Ní ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn tí a bí sí ọgbà ẹranko padà sínú igbó, àwọn olóko sì gbà wọ́n sínú igbó orí ilẹ̀ tiwọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 2014, wọ́n ti tó 3,700.

Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Oko àti òpópónà ti gé igbó tí ó kù sí wẹ́wẹ́. Ìdílé tí kò lè rékọjá kì í rí ẹlòmíràn bá gùn bí kò ṣe ìbátan ara wọn, irú-ọmọ wọn a sì di aláìlera. Lẹ́yìn náà ni ibà pọ́njú, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, pa wọ́n títí tí wọ́n fi kù sí bí 2,500.

Wọn kò jáwọ́. Ní ọdún 2020, wọ́n parí afárá tí a gbin igi sí lórí òpópónà BR-101, kí àwọn ẹranko lè kọjá. Ní ọdún 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gún àwọn ọ̀bọ náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọdún 2023, wọ́n kà wọ́n tó bí 4,800.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a rò pé ẹranko nìkan ni a ń gbà là. Ibi tí yóò gbé ni ó ṣe pàtàkì jù. Igi gbígbó tí ó ní ihò, tí a rò pé kò wúlò mọ́, ilé ẹ̀dá mìíràn ni. Kí a tó gbé àáké, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wòkè.